Orí Kẹrin: Dídá Aláǹtakùn Ilé àti Ti Ọgbà Mọ̀ Nípa Àmì Ara Wọn

Ẹni tó bá rí aláǹtakùn lára ògiri yàrá rẹ̀ sábà máa ń nawọ́ sí bàtà tàbí ìgbálẹ̀ kó tó ronú rárá. Ó yẹ kí ìbéèrè kan ṣáájú bàtà náà: irú wo lèyí? Nínú àwọn aláǹtakùn tí a sábà ń bá nínú ilé àti ní àyíká ilé nílẹ̀ Yorùbá, èyí tó pọ̀ jù kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n ń ṣe. Aáyán, ẹ̀fọn, eṣinṣin àti èèrà ni wọ́n ń pa jẹ. Irú kan wà láàárín wọn tó yẹ kí á máa ṣọ́ra fún, àmì ara rẹ̀ sì hàn gbangba sí ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò. Orí yìí yóò kọ́ yín bí ẹ ó ṣe yọ ọ̀kan yẹn sọ́tọ̀, kí àwọn yòókù lè máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Nígbà tí ọdún 2022 fi máa parí, irú aláǹtakùn tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ káàkiri ayé ti lé ní 50,000. Kò sí ẹni tó lè mọ gbogbo wọn tán, kò sì pọn dandan. Ìwọ̀nba ni àwọn tó ń bá wa gbé, ojú lásán sì lè yà wọ́n sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Àpèjúwe ni mo fi ṣe àkọlé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè é wà nínú àlàyé, kí ẹni tó bá fẹ́ wádìí sí i lè rí ibi bẹ̀rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń WO ALÁǸTAKÙN

Àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dì mú: “ó dúdú”, “ó pupa”. Àwọ̀ nìkan kò tó. Akọ àti abo irú kan náà lè yàtọ̀ síra bí ẹni pé wọn kò bá ara tan. Ọmọ lè má jọ ìyá rẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ, àwọ̀ rẹ̀ kì í tíì dúró. Nítorí náà, ẹ tò ó báyìí:

1. Ibi tó wà. Ṣé ara ògiri ni, inú kọ̀rọ̀ àjà, abẹ́ àga, orí òdòdó, tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀?

2. Àwọ̀n rẹ̀. Ṣé ó tiẹ̀ ní àwọ̀n? Bó bá ní, ṣé róbótó ni, tí òwú rẹ̀ tò létòlétò, àbí wúruwùru ni?

3. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣé ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹlẹbẹ, àbí ó kó o jọ ní méjì méjì? Ṣé ẹsẹ̀ iwájú gùn ju ti ẹ̀yìn lọ?

4. Àmì ara rẹ̀, àti ibi tí àmì náà wà. Ibi mẹ́ta ni kí ẹ wò: ẹ̀yìn, ojú, àti abẹ́ ikùn. Abẹ́ ikùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò, bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ gan-an ni àmì tó ṣe pàtàkì jù wà.

Ara aláǹtakùn pín sí ọ̀nà méjì. Iwájú ni orí àti àyà tó lẹ̀ mọ́ra di ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ẹyinjú, ẹnu àti ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà. Ẹ̀yìn ni ikùn, ìdí rẹ̀ sì ni òwú ti ń jáde. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ní ọwọ́ kékeré méjì. Bí ṣóńṣó ọwọ́ náà bá wú, akọ tó ti dàgbà ni. Bó bá tín-ín-rín dé òpin, abo ni, tàbí ọmọ tí kò tíì gbó.

Ohun èlò tí ẹ nílò kò pọ̀: tọ́ọ̀ṣì, rúlà, fóònù tó ń ya fọ́tò, ike tàbí ife gíláàsì tó mọ́ gaara, àti pépà líle kan. Ẹ da ife bo aláǹtakùn náà lórí, ẹ rọra ti pépà gba abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sókè. Báyìí ẹ lè wo ẹ̀yìn, ojú àti abẹ́ ikùn rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ẹ ya fọ́tò ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá sọ ìwọ̀n ara, mi ò ka ẹsẹ̀ mọ́ ọn, àfi tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ KỌ́KỌ́ MỌ ÈYÍ: ALÁMÌ GÁNGAN

Latrodectus geometricus lorúkọ rẹ̀. Ó ti tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ olóoru lágbàáyé. Òun ni ẹ gbọ́dọ̀ dá mọ̀ kí ẹ tó mọ èyíkéyìí mìíràn.

Ibi tó ń gbé: Ibi tó dákẹ́ tí ènìyàn kì í sábà fọwọ́ kàn. Abẹ́ àga rọ́bà tó ti pẹ́ níta, abẹ́ etí ìkòkò òdòdó, inú táyà àlòkù, àárín búlọ́ọ̀kù tí a tò jọ, abẹ́ ọwọ́ korobá tí a kò lò, ẹ̀yìn géètì, inú ilé jẹnẹrétọ̀. Kì í sábà wá sí àárín yàrá.

Àwọ̀n rẹ̀: Wúruwùru ni, kò ní ètò kankan, ṣùgbọ́n òwú rẹ̀ le. Bí ẹ bá fi igi fà á, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń dún bó ṣe ń já.

Ara rẹ̀: Abo tó dàgbà gùn tó mílímítà 10 sí 13. Ikùn rẹ̀ róbótó, ó ń dán. Àwọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ti ilẹ̀, búráùn, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán. Tó-tò-tó funfun tí dúdú yí ká wà lẹ́yìn rẹ̀, oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúdú ju ibi yòókù lọ, tí ẹsẹ̀ náà fi dà bí ohun tí a kùn ní ilà ilà.

Àmì tó parí ẹjọ́: Ẹ wo abẹ́ ikùn rẹ̀. Onígun mẹ́ta méjì forí kanra níbẹ̀, ó fẹ̀ lókè, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì fún láàárín bí ìlù gángan. Àwọ̀ ọsàn tó pọ́n ni àmì náà máa ń ní, nígbà mìíràn a máa sún mọ́ pupa tàbí yẹ́lò. Ó máa ń so rọ̀ nínú àwọ̀n pẹ̀lú ikùn rẹ̀ lókè, nítorí náà ẹ lè rí àmì yìí láìtíì mú un rárá.

Ẹ̀rí kejì: Àpò ẹyin rẹ̀. Ó róbótó, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1, àwọ̀ rẹ̀ funfun tó pọ́n díẹ̀, ẹ̀gún òwú kéékèèké sì yọ káàkiri ara rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ìyá ṣùgbọ́n tí ẹ rí irú àpò yìí lábẹ́ àga, ẹ gbà pé ó wà nítòsí.

Ìwà rẹ̀: Ojo ni. Bí a bá fọwọ́ kan àwọ̀n rẹ̀, a ká ẹsẹ̀ jọ, a sì jábọ́ sílẹ̀ bí òkú. Ìgbà tí a bá fún un mọ́ ara ló ń gé ènìyàn jẹ: ẹni tó ki ọwọ́ sábẹ́ àga láti gbé e, ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tó ti pẹ́ níta. Oró rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló ń tú síni lára. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ náà kì í kọjá ìrora àti pípọ́n ojú ibi tó gé jẹ. Síbẹ̀, ó lè le fún ọmọdé, àgbàlagbà àti aláìsàn. Akọ rẹ̀ kéré gan-an, kì í ṣe ẹni tí à ń bẹ̀rù.

Àwọn ìbátan rẹ̀ kan wà tí àwọn náà ń ta àwọ̀n wúruwùru sí kọ̀rọ̀, tí ikùn wọn sì róbótó. Ẹ padà sí abẹ́ ikùn àti àpò ẹyin. Bí kò bá sí àmì gángan, tí àpò ẹyin sì ń dán láìní ẹ̀gún, kì í ṣe òun.

ÀWỌN TÓ Ń GBÉ INÚ ILÉ

Ńlá pẹlẹbẹ ara ògiri

Òun ló ń lé ènìyàn jáde nínú balùwẹ̀ lóru. Heteropoda venatoria ni. Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden, ló fún un lórúkọ ní 1767. Éṣíà ni wọ́n gbà pé ó ti wá, ẹrù ọkọ̀ òkun ló sì bá dé ibi gbogbo tí oòrùn ti ń mú. Ara rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, bó bá sì na ẹsẹ̀, ó lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 12. Kì í ta àwọ̀n. Lọ́sàn-án, ẹ̀yìn àpótí aṣọ tàbí inú àjà ló ń sá sí. Lóru ló ń jáde wá aáyán.

Búráùn ni, ó rí pẹlẹbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ láìga lórúnkún. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú: ilà kan tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀ gbé ìbú kọjá nísàlẹ̀ ẹyinjú iwájú rẹ̀. Ilà ojú yìí ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Tó-tò-tó dúdú wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí ẹ̀gún tín-ín-rín ti yọ. Akọ rù ju abo lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn ju ti abo. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó gbé nǹkan funfun róbótó pẹlẹbẹ sábẹ́ ara, abo ni, àpò ẹyin ló gbé. Ẹ má fọwọ́ mú irú èyí. Ó lè gé yín jẹ nítorí ọmọ rẹ̀, yóò sì dunni, ṣùgbọ́n kì í fa àìsàn.

Kékeré afò, olójú ńlá

Ẹ ó mọ ẹgbẹ́ yìí láìwo àmì rárá: ẹyinjú méjì tó tóbi wà níwájú orí wọn, wọ́n ń yíjú wo ẹni tó ń wò wọ́n, wọ́n sì ń fò. Ọ̀sán ni wọ́n ń ṣọdẹ, ojú ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Mẹ́ta ló wọ́pọ̀ nínú ilé.

Menemerus bivittatus gùn tó mílímítà 9. Ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó ní irun, àwọ̀ eérú ni, ara ògiri tí oòrùn ń pa sì ni ẹ ó ti bá a. Abo ní ilà dúdú sí etí ikùn lápá méjèèjì. Ní ti akọ, àárín ẹ̀yìn ni ilà dúdú tirẹ̀ gbà kọjá.

Plexippus paykulli tóbi jù ú lọ díẹ̀, ó tó mílímítà 9 sí 12. Akọ dúdú, ilà funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ sì la àárín ẹ̀yìn rẹ̀ já láti orí dé ìdí, òmíràn wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Abo jẹ́ búráùn, ilà àárín tirẹ̀ kò funfun tó bẹ́ẹ̀, tó-tò-tó funfun méjì sì wà nítòsí ìdí rẹ̀. Ìdí iná mànàmáná ló fẹ́ràn, nítorí kòkòrò tí iná ń fà wá.

Hasarius adansoni ló kéré jù, akọ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 6. Orúkọ Michel Adanson ló ń jẹ́, onímọ̀ ará Faransé tó ṣiṣẹ́ ní Senegal ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Akọ dúdú, àyíká ojú rẹ̀ pọ́n, ọwọ́ kékeré ẹnu rẹ̀ funfun, ilà funfun tó tẹ̀ sì wà ní iwájú ikùn rẹ̀. Abo kàn jẹ́ búráùn, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan.

Ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín inú kọ̀rọ̀

Àwọn wọ̀nyí ló ni àwọ̀n wúruwùru tí à ń fi ọwọ̀ gígùn gbá ní igun àjà. Ara wọn kéré, kì í sábà ju mílímítà 7 lọ, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn gùn ní ìlọ́po púpọ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kan àwọ̀n náà, wọn yóò mi ara wọn jìgìjìgì títí ojú kò fi ní rí wọn dáadáa mọ́. Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn nínú ilé tó ń ṣe báyìí.

Ẹ wo ìrísí ikùn láti yà wọ́n. Crossopriza lyoni, ikùn rẹ̀ ní igun, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga sókè ní ṣóńṣó. Smeringopus pallidus, ikùn tirẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, àmì dúdú sì tò lé ara wọn lẹ́yìn rẹ̀. Abo wọn kì í ṣe àpò ẹyin tó nípọn. Ẹnu ló fi ń gbé ẹyin rẹ̀ kiri, òwú díẹ̀ ló fi dì í, ẹyin náà sì hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń jẹ ẹ̀fọn, wọ́n sì ń jẹ aláǹtakùn mìíràn pẹ̀lú.

Kóńkóló inú àgọ́ funfun

Bí ẹ bá rí nǹkan funfun pẹlẹbẹ kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri tàbí etí fèrèsé, tí etí rẹ̀ yọ ní ẹ̀ka ẹ̀ka bí ìràwọ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ gbé e díẹ̀. Oecobius ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ kò ju mílímítà 2 sí 3 lọ, ó rẹ́súrẹ́sú, ó ní tó-tò-tó dúdú, ilà dúdú sì yí ẹsẹ̀ rẹ̀ po. Èèrà loúnjẹ rẹ̀: a máa sáré yí èèrà ká, a sì fi òwú dì í mọ́ ògiri.

Atutọ́

Scytodes kì í yára rìn, kò sì nílò rẹ̀. Láti òkèèrè díẹ̀ ló ti ń pọ òwú olóje jáde lẹ́nu, òwú náà a sì lẹ kòkòrò mọ́ ilẹ̀ ní kọ́lọkọ̀lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àmì rẹ̀ dájú: iwájú ara rẹ̀ ga, ó sì róbótó bí ikùn, tí ó fi dà bíi pé ó ní ikùn méjì. Ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àmì dúdú sì wà káàkiri rẹ̀. Ẹyinjú mẹ́fà ló ní, nígbà tí ọ̀pọ̀ aláǹtakùn ní mẹ́jọ. Kò lè fi itọ́ yìí pa ènìyàn lára.

ÀWỌN TÓ Ń GBÉ ỌGBÀ

Abilà inú àwọ̀n róbótó

Argiope kì í fara pamọ́. Abo rẹ̀, tó lè ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, a máa dúró gedegbe sí àárín àwọ̀n róbótó láàárín ewúro, koríko tàbí òdòdó, á dorí kodò. Ikùn rẹ̀ ní ilà yẹ́lò, funfun àti dúdú tó gbé ìbú. Iwájú ara rẹ̀ ní irun tó ń dán bíi fàdákà. Ó máa ń kó ẹsẹ̀ jọ ní méjì méjì, tí ó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ni ẹ ó kọ́kọ́ rò pé ó ní. Ẹ wo àwọ̀n náà: ó sábà máa ń fi òwú funfun tó nípọn hun kọ́lọkọ̀lọ sí i. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fi ń ṣe. Àwọn kan ní ó ń fa kòkòrò wá, àwọn mìíràn ní ó ń kìlọ̀ fún ẹyẹ kí wọ́n má fò já àwọ̀n. Akọ rẹ̀ kéré, kò sì ní ọ̀ṣọ́.

Olówùú wúrà

Bí àwọ̀n kan bá nà láti igi kan dé òmíràn, tí oòrùn tàn sí i tí òwú rẹ̀ ń kọ mọ̀nà bíi wúrà, Trichonephila ni. Àwọ̀n náà lè fẹ̀ tó mítà 1. Trichonephila senegalensis wà lára àwọn tó ń gbé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nephila ni orúkọ ẹgbẹ́ yìí nínú àwọn ìwé tó ṣáájú 2019. Ní ọdún náà ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ikùn abo gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ, ó ní ilà yẹ́lò àti dúdú, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ fi yà á kúrò lára Argiope ni mẹ́ta: òwú tirẹ̀ pọ́n, ikùn rẹ̀ gùn, kì í sì í kó ẹsẹ̀ jọ ní méjì méjì bíi ti Argiope. Àwọn kékeré búráùn tó wà létí àwọ̀n rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n.

Ẹlẹ́gùn-ún

Gasteracantha kò ṣòro rárá. Ikùn rẹ̀ le bí èèpo, ó fẹ̀ ju bó ṣe gùn lọ, ẹ̀gún mẹ́fà sì yọ ní etí rẹ̀. Ó lè jẹ́ yẹ́lò, funfun tàbí pupa, tó-tò-tó dúdú tó jin sínú díẹ̀ sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ní ti Gasteracantha curvispina, méjì nínú ẹ̀gún náà gùn, wọ́n sì tẹ̀. Abo kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Ẹ̀gún rẹ̀ kò ní oró. Ẹyẹ ló fi ń lé.

Alábàá orí òdòdó àti aláwọ̀ ewé

Thomisus kì í ta àwọ̀n. Inú òdòdó ló ń ba sí. Funfun ni tàbí yẹ́lò, a sì máa yí àwọ̀ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ kí ó lè bá òdòdó mu. Nítorí náà ẹ má fi àwọ̀ dá a mọ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀: mẹ́rin iwájú gùn, wọ́n sì nípọn ju mẹ́rin ẹ̀yìn lọ, ó sì là wọ́n sílẹ̀ gbàgadà. Oyin tó tóbi jù ú lọ kò ní lè já mọ́ ọn lọ́wọ́.

Peucetia náà kì í ta àwọ̀n. Ewé ló ń gbé, àwọ̀ ewé sì ni. Ẹ̀gún dúdú gígùn tò sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì lè ní àmì pupa díẹ̀ lára.

Asáré ilẹ̀ẹ́lẹ̀

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí orí koríko lóru, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú yín. Bí nǹkan kéékèèké bá ń tàn padà sí yín láti ilẹ̀, ẹyinjú aláǹtakùn ìdílé Lycosidae ló sábà máa ń jẹ́. Àwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n, ilà tó mọ́ díẹ̀ sì máa ń la ẹ̀yìn wọn. Ìwà abo ló dára jù láti fi dá wọn mọ̀: ìdí ló so àpò ẹyin mọ́, bí ọmọ bá sì pa, ẹ̀yìn ìyá ni gbogbo wọn ń gùn.

Afara-wé-èèrà

Lórí máńgòrò àti kòkó tí èèrà pupa ti ń lẹ ewé pọ̀, ẹ ó rí “èèrà” kan tó ń dá rìn. Ẹ ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, tí ẹsẹ̀ iwájú méjì ń mì lókè bí ìwo èèrà, Myrmarachne ni, ìbátan àwọn afò inú ilé. Èèrà tòótọ́ ní ẹsẹ̀ mẹ́fà.

ONÍRUN INÚ IGBÓ

Ẹni tó bá ń ṣán igbó tàbí tó ń kọ ọ̀pẹ lè pàdé aláǹtakùn ńlá onírun. Ní Togo àti agbègbè rẹ̀, Heteroscodra maculata ń gbé inú ihò igi. Ó funfun bí eérú, àmì dúdú àti búráùn wà káàkiri ara rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì nípọn. Àwọn Hysterocrates jẹ́ búráùn, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́. Wọn kì í wá ènìyàn wá sílé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá géni jẹ, ìrora rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ má ki ọwọ́ lásán bọ inú ihò.

ÀWỌN TÍ À Ń ṢÌ MỌ̀

Eégbọn ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ bí aláǹtakùn, àmọ́ ara rẹ̀ kò pín sí méjì. Odindi kan ni.

Èkejì kì í ṣe aláǹtakùn rárá, ṣùgbọ́n aláǹtakùn ló ń jẹ̀bi ọ̀ràn rẹ̀. Ẹlòmíràn a jí láàárọ̀, a rí ilà tó pọ́n tó sì lé ròrò lọ́rùn tàbí lójú, a ní aláǹtakùn ló tọ̀ sí òun lára. Aláǹtakùn kì í tọ̀ síni lára. Kòkòrò kékeré kan, Paederus, ló sábà ń ṣe irú èyí. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní àwọ̀ ọsàn àti dúdú ní ìpele ìpele, iná alẹ́ sì ń fà á wọlé. Kì í gé ènìyàn jẹ. Omi ara rẹ̀ ló ń jóni bí a bá tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ awọ. Bó bá bà lé yín, ẹ fẹ́ ẹ kúrò, ẹ má gbá a.

BÍ Ó BÁ GÉ ÈNÌYÀN JẸ

Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Ẹ fi aṣọ wé omi dídì, kí ẹ gbé e lé e. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ni, ẹ bọ́ òrùka kó tó wú. Ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má sì so okùn mọ́ ọn. Bí ẹ bá lè ya fọ́tò aláǹtakùn náà láìfara wewu, ẹ yà á.

Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ bí iṣan ikùn, àyà tàbí ẹ̀yìn bá ń fà, bí ẹni náà bá ń làágùn, tó ń bì, tàbí tí èémí rẹ̀ kò já gaara. Bó bá jẹ́ ọmọdé, aláboyún tàbí àgbàlagbà ni alámì gángan gé jẹ, ẹ má dúró de àmì kankan.

FÚN Ẹ̀YIN TÓ WÀ LẸ́YÌN ODI

Àwọn irú tó ń gbé ibòmíràn yàtọ̀, nítorí náà ẹ má fi àkójọ wa yìí ṣe ìdájọ́ wọn. Ní Amẹ́ríkà, alámì gángan tiwa ti wà ní Florida láti 1935, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ tó dúdú, Latrodectus mactans, tí àmì abẹ́ ikùn tirẹ̀ pupa fòò, ló léwu jù ú lọ. Loxosceles reclusa tún wà níbẹ̀, búráùn ni, ẹyinjú mẹ́fà ló ní, àmì dúdú tó jọ fáólìn sì wà ní iwájú ara rẹ̀. Brazil ní ìbátan Loxosceles, ó sì ní Phoneutria tó máa ń gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè bó bá ń bínú. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ń sọ jù ni Steatoda nobilis, tí ilà tó mọ́ yí iwájú ikùn rẹ̀ po. Kò ní àmì gángan.

ÌDÁNIMỌ̀ KÍÁKÍÁ

• Àwọ̀n wúruwùru níta, ikùn róbótó, àmì gángan nísàlẹ̀, àpò ẹyin ẹlẹ́gùn-ún: Latrodectus geometricus. Ẹ ṣọ́ra.
• Kò ní àwọ̀n, ó tóbi, ó pẹlẹbẹ, ilà funfun lójú: Heteropoda.
• Kékeré, ojú ńlá méjì, ó ń fò: afò.
• Igun àjà, ẹsẹ̀ gígùn, ó ń mi jìgìjìgì: ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín.
• Àgọ́ funfun lára ògiri: Oecobius.
• Iwájú ara ga bí ikùn: Scytodes.
• Àwọ̀n róbótó, ẹsẹ̀ ní méjì méjì, ilà yẹ́lò: Argiope.
• Òwú tó pọ́n bíi wúrà: Trichonephila.
• Ẹ̀gún mẹ́fà létí ikùn: Gasteracantha.
• Orí òdòdó, ẹsẹ̀ iwájú gígùn: Thomisus.
• Ilẹ̀ẹ́lẹ̀, àpò ẹyin ní ìdí tàbí ọmọ lẹ́yìn: Lycosidae.

Kí ẹ tó fọ́n òtapíápíá ká gbogbo ilé nítorí aláǹtakùn kan, ẹ rántí pé ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín lẹ ó fa èéfín rẹ̀ símú, àwọn tó ń bá yín pa aáyán ni yóò sì kú. Ẹ gbá àwọ̀n tó wà ní ojútáyé, ẹ yí àga rọ́bà àti ìkòkò òdòdó dojú dé lóòrèkóòrè kí ẹ wo abẹ́ wọn, ẹ gbọn bàtà tó bá sun ìta kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń kó búlọ́ọ̀kù tàbí igi ìdáná. Èyí tó bá ní àmì gángan, ẹ fi igi wé e pẹ̀lú àpò ẹyin rẹ̀, kí ẹ pa á. Àwọn yòókù, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà.